Ta Ló Wà Nílé Ìwòsàn Wọ́ọ̀dù Wa Lóru? Lẹ́tà Ìta Gbangba sí Àwọn Gómìnà Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà

Ẹ̀yin Ọlọ́lá jùlọ, gómìnà Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Abúlé àti ìlú kéékèèké ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa sùn sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe kó yà síbẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, kó sì ti ilẹ̀kùn láago méjì ọ̀sán. Kó máa sùn síbẹ̀, kí iná máa tàn níbẹ̀, kí ẹni tó bá kanlẹ̀kùn láago kan òru rí ẹni tó mọṣẹ́ tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ ń kọ́lé. Mo ti rí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé tí wọ́n tún kùn, tí wọ́n fi páànù tuntun bò, tí pátákó tó ní àwòrán gómìnà wà níwájú wọn. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti wọ̀, kọ́kọ́rọ́ lẹ ó bá lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí ẹ bá rò pé mo pa irọ́, ẹ yan òru kan, ẹ má sọ fún kọmíṣánnà, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ fèrè ṣáájú yín, kí ẹ wakọ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù tí ẹ ti dìbò, kí ẹ wo ẹni tí ẹ ó bá níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsàn abàmì ló ń kó wa lọ. Ibà, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn wọ̀nyí ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò mọ oògùn rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ dáadáa kò lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kí dókítà tó dé. Wákàtí tó ń ṣòfò kí aláìsàn tó rí ẹni tó mọṣẹ́ ló ń sọ àrùn tí gbogbo ayé mọ̀ di ikú.

Ẹ wo ibà ọmọdé. Lọ́sàn-án, ara ọmọ gbóná díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ra parasítámọ́ọ̀lù lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó fi omi nu ún lára, ó gbé e pọ̀n. Nígbà tó di òru, ibà gòkè, gìrì mú un. Ẹnì kan sáré gbé àgbo gìrì, ẹlòmíràn ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, ẹlòmíràn sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná pé kó lè ta jí. Mo ti tọ́jú ojú iná lẹ́sẹ̀ ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn kì í ṣe ìkà. Ó ń sa gbogbo agbára rẹ̀ láti gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó jí ní gbogbo àdúgbò lóru náà tó mọ̀ jù ú lọ.

Ká ní nọ́ọ̀sì wà nítòsí ni, yóò dá ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ má baà há a lọ́fun, kò sì ní ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Yóò gún orí ìka rẹ̀, yóò fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣe àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20. Yóò gbé e lé ìwọ̀n, yóò gún un ní abẹ́rẹ́ artesunate bó ṣe tẹ̀wọ̀n sí, lẹ́yìn náà ni yóò wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà. Ibà tí kò bá tíì le, oògùn oníhóró tó pa artemether pọ̀ mọ́ lumefantrine la ń lò, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi irú oògùn alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ rọ́pò kòlòròkúìnì. Síbẹ̀, nínú ẹni mẹ́rin tí ibà ń ṣe lágbàáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó tó nǹkan bí ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21 ti bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi àti Bayelsa láti Disẹ́ńbà 2024. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gún ọmọ kan. Ọjọ́ tó bá délé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ta ni yóò gún un, ta ni yóò sì rántí ọmọ tí kò padà wá fún ẹ̀kẹrin?

Òtútù àyà kò ní ariwo bí gìrì, ìdí nìyẹn tó fi ń tan àwọn òbí jẹ. Wọ́n á ní òtútù lásán ló mú ọmọ, wọ́n á fi àdí àgbọn ra á láyà. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ yóò ká aṣọ ọmọ sókè, yóò wo agogo ọwọ́ rẹ̀, yóò ka iye ìgbà tí ọmọ náà mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó bá ń wúkọ́, tó sì mí tó ìgbà 50, tàbí ọmọ tó ti lé lọ́dún kan tó mí tó ìgbà 40, amoxicillin tó ń yòrò nínú omi ló nílò, kì í ṣe àdí. Tí kò bá lè mu ọmú mọ́, ó gbọ́dọ̀ dé jẹ́nẹ́rà kí ilẹ̀ tó mọ́. Agogo ọwọ́ ni gbogbo irinṣẹ́ tí ìpinnu yìí gbà. Ti ìgbẹ́ gbuuru, n kò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn: omi ORS, àti zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì sọ̀rọ̀ omi oníyọ̀ àti ṣúgà títí gbogbo ìyá fi mọ̀ ọ́n pò nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992.

Ọ̀rọ̀ aboyún ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun gan-an ni iṣẹ́ mi. Obìnrin bímọ tán, ọmọ ké, gbogbo ilé ń yọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fiyè sí i. Ẹ̀jẹ̀ yìí lè pa á láàárín wákàtí méjì péré. Wákàtí méjì yẹn, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kò tó láti jí ọlọ́kọ̀ lójú oorun, ká bá a dúnàádúrà, ká ra epo, ká sì dé ìlú tí dókítà wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró kò kọ́kọ́ béèrè dókítà: kí agbẹ̀bí fọwọ́ ra ilé ọmọ títí yóò fi le, kó gún oxytocin, kó fún un ní tranexamic acid, kó fa omi sí i lára, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya. Ní 2023 ni èsì ìwádìí ńlá kan jáde, E-MOTIVE ni wọ́n pè é. Àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti South Africa. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí agbẹ̀bí lè fojú ara rẹ̀ rí iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà, dípò kó máa méfò. Tó bá ti kọjá ààlà, kó ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ṣe máa ṣe ọ̀kan kó sì dúró wò. Ewu ẹ̀jẹ̀ tó le fi 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ọ̀rá ni o, ẹ̀yin Ọlọ́lá jùlọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi. Àmọ́ ọ̀rá kò lè ka ara rẹ̀. Oxytocin náà, inú fíríìjì ló ń gbé, níbi tó tutù láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Níbi tí kò bá ti sí iná, oògùn tó ti bàjẹ́ la ó gún fún obìnrin tó ń kú lọ, a ó sì máa rò pé a ti tọ́jú rẹ̀.

Àwọn bàbá àti ìyá wa ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, òun ló fi burú. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ bá ti tó 140 lórí 90, tí a sì rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra, oògùn ojoojúmọ́ ló kàn, irú amlodipine tí kò wọ́n. Ohun tí mo rí ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ ni pé aláìsàn máa ń lo páálí kan tán, ara rẹ̀ á fúyẹ́, á ní Ọlọ́run ti ṣe é, ó di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá gbé e ṣubú nílé ìwẹ̀. Ìwé ìléwọ́ àti ìkéde rédíò dára, mo ti ṣe méjèèjì rí. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé àdúgbò ló sàn jù wọ́n lọ, torí òun ló mọ̀ pé Ìyá Aláṣọ kò wá gba oògùn lóṣù yìí, òun ló máa yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bó bá ń ti ọjà bọ̀, tí yóò sọ pé, "Màmá, ẹ nawọ́ yín kí n wò ó." Ẹni tó ń ti ìlú ńlá wá, tó ń wo agogo kí ọkọ̀ má baà fi í sílẹ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé àlá ni mò ń rọ́. Ilẹ̀ yìí náà ni wọ́n ti fi han ayé pé ó ṣeé ṣe. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Ó rí i pé kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ òun ní ìlú ńlá, àrùn ti ba nǹkan jẹ́. Ló bá gbé iṣẹ́ lọ bá àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá kíníìkì sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa tọ́jú àwọn àrùn tó wọ́pọ̀ fúnra wọn. Lábẹ́ òrùlé kan náà, lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń fún un lóògùn ibà, wọ́n sì ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Níbẹ̀ ni Morley ti ṣe káàdì tí wọ́n ń fàlà sí bí ọmọ bá ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí i. Kò jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ló fi í sí, nínú ọ̀rá, kó máa gbé e lọ sílé. Káàdì yẹn ni gbogbo ayé mú lò, àwọn ọmọ tí kò mọ ibi tí Ìmẹ̀sí-Ilé wà lórí àwòrán ilẹ̀ ń fi dàgbà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ikú ọmọdé lọ sílẹ̀ gidigidi ní ìlú náà. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ Ọ̀ṣun lè kàwé jáde ní fásitì láì gbọ́ ìtàn yìí rí.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà náà, dókítà kọ́ ló ń sùn síbẹ̀ lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ni.

Mo mọ èsì tí àwọn olùdámọ̀ràn yín yóò kọ fún yín. Wọ́n á ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilé ìwòsàn alábọ́dé, pé láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ ní July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá a tààrà, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ gómìnà mọ́. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń bójú tó ìlera alábọ́dé ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, abẹ́ yín ló wà. Kọmíṣánnà ìlera, ẹ̀yin lẹ yàn án. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò sì lè dúró de ìgbà tí ẹ máa mọ àkáǹtì tí owó rẹ̀ wà.

Wọ́n á tún ní owó kò sí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ya ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ àpò ilé ìwòsàn kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan láti fi ra oògùn, kí wọ́n sì fi tún nǹkan ṣe. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ yín sì ní ètò tiwọn. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì ìbánigbófò tí a mú lọ síbi tí kò sí ẹnì kankan, bébà ni.

Èsì kẹta ló máa ń bí mi nínú jù: pé àwọn nọ́ọ̀sì ti jápa tán. Òótọ́ ni pé wọ́n ń lọ. Mo ti kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún àwọn kan nínú wọn, n kò sì kábàámọ̀. Ní February 2024, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìwé àṣẹ rẹ̀ kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn ọmọ wa tú síta, wọ́n fẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó. Lópin July 2025, nọ́ọ̀sì káàkiri orílẹ̀-èdè daṣẹ́ sílẹ̀. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni owó iṣẹ́ òru, owó aṣọ iṣẹ́, ìlànà ìgbéga tó dúró sójú kan, àti kí wọ́n gba àwọn ẹlòmíràn síṣẹ́ kí ẹnì kan má ṣe máa ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Nínú gbogbo rẹ̀, n kò rí èyí tí kò tọ́. Ẹ ò lè fi ilẹ̀kùn títì dá ẹni tí ẹ kò fún ní yàrá dúró.

Ìrìn àjò kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Kofoworola Abẹ̀ní Pratt láti Èkó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀n. Ó sì padà wálé. Ilé ìwòsàn ńlá ń dìde ní Ìbàdàn, wọ́n ń wá ọmọ Nàìjíríà tí yóò darí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì di mátírọ̀nì àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ní ilé ìwòsàn náà, UCH, lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀. Àyè wà nílé tó tóbi tó ọgbọ́n tó gbé bọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi wo àwọn ọmọ tó ń kàwé lọ́wọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ yín. Àyè wo ló ń dúró dè wọ́n?

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá kí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá yege nínú Bàólójì, Kẹ́mísìrì, Físíìsì, Ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì lè gba kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí fásitì wọlé. Tó bá parí, ọ̀nà pọ̀: agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì tíátà, nọ́ọ̀sì ọmọdé, ti àwọn alárùn ọpọlọ, ti ìlera àwùjọ. Ẹni tó gba ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera kọjá lè di òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, àwọn tí a mọ̀ sí CHEW, iṣẹ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, torí àwọn ni wọ́n ń dá dúró ní ọ̀pọ̀ ibi tí nọ́ọ̀sì kò sí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wá béèrè bóyá kí wọ́n lọ sí abúlé, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo rántí yàrá tí òjò ń jò sí, odò tí a ti ń pọnmi wẹ ọmọ tuntun, àti bí mo ṣe ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rán ojú ara obìnrin tó ya. Mo rántí òru tí àwọn ọkùnrin tí a kò mọ̀ kanlẹ̀kùn tí a kò mọ̀ bóyá aláìsàn ni wọ́n gbé wá. N kò lè fi ẹnu mi rán ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀, nígbà tí ẹ kò tíì ṣe ohun tó yẹ kí ẹ ṣe.

Ohun tó yẹ kò pọ̀ jù. Ilé nọ́ọ̀sì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, yàrá méjì tó ní omi, ilẹ̀kùn irin àti ọdẹ tí wọ́n ń sanwó fún. Sólà tó tó fíríìjì kan àti gílóòbù díẹ̀. Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí mẹ́rin, kí ẹnì kan lè sùn bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́; ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún ìlera alábọ́dé fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Owó ìgbèríko tó hàn lójú nínú owó oṣù, tí kì í dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àti pé kí ẹni tó bá ti sin abúlé fún ọdún mẹ́ta jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ máa rán lọ ka dígírí, kó má ṣe jẹ́ ọmọ ẹni tó mọ ẹni tó mọ kọmíṣánnà. Bí mo bá mú ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni mo máa mú, torí òun ló ń fi han ọmọ tó gbọ́n pé abúlé kì í ṣe ibi tí ìrètí rẹ̀ parí sí.

Ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yín. Ẹ pàṣẹ pé kí owó ilé nọ́ọ̀sì àti owó iṣẹ́ òru ní ìlà tiwọn nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ilé kíkọ́, kí a lè rí i kà. Kí wọ́n sì lẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ilẹ̀kùn gbogbo ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù. Àwa ará ìlú á máa pè é, bí kò bá gbé e, a ó kọ̀wé sí yín, a ó dárúkọ wọ́ọ̀dù náà, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlera,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì